Màámi ń kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ sínú agolo. Kí ni kí n sọ fún dókítà?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Màámi ti pé ẹni ọdún 68. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń gbé, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà Akẹ̀sán láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Èmi ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí àwọn dókítà ti sọ pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, amlodipine 10 mg ni wọ́n sì ní kí wọ́n máa lò. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo máa ń lọ mú wọn wá sí ilé ìwòsàn kan níbí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago méje àárọ̀ ò tíì lù tí a ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Oòrùn ti kan àtàrí kí wọ́n tó pè wá. Nọ́ọ̀sì ti wọn ìfúnpá Màámi níta, ó kọ 172 lórí 98. Dókítà wo káàdì, ó ní, "Mama, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Màámi ní, "Mò ń lò ó, ọmọ mi. Ọlọ́run á wò yín o." Ni ó bá kọ oògùn mìíràn kún ti àkọ́kọ́, ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí a ṣe wọlé la jáde. A dé ẹnu ọ̀nà, Màámi bi mí pé, "Kí ló wí?" Mo lanu, n kò rí nǹkan kan sọ. Ó dùn mí gan-an. Èmi tí mo lè dúró jiyàn ìdajì yáàdì pẹ̀lú oníbàárà fún wákàtí kan, mi ò lè bi dókítà ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Mo sin Màámi padà sí Ọ̀yọ́, mo sì sùn síbẹ̀. Nígbà tí mò ń gbálẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi kan agolo mílíìkì kan. Mo ṣí i. Oògùn ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ṣì wà nínú páálí wọn, àwọn kan ni wọ́n ti yọ, tí wọ́n fi bébà wé bí ẹni wé átáre. Mo dà wọ́n sórí ẹní, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jẹ́ 41.

Mi ò pariwo. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Màámi, kí lèyí?" Wọ́n dákẹ́ títí. Nígbà tó yá wọ́n na ẹsẹ̀ sí mi, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Ibẹ̀ jin wọlé bí ìgbà tí èèyàn fìka tẹ èkọ, kò sì tètè padà. Wọ́n ní, "Oògùn yẹn ló ń ṣe é. Ẹsẹ̀ tó bá ti ń wú báyìí, kíndìnrín ló ń lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀rẹ́ mi lọ́jà nìyẹn." Wọ́n ní ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lò ó. Wọ́n tún wá sọ èyí tó pa mí lẹ́kún: "Àti pé ìwọ lò ń ra gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kó tọ́jọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìṣègùn, ẹ gbà mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún dókítà láìdójú ti Màámi? Kí ni kí n béèrè? Oògùn kejì yẹn, mi ò tíì rà á. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé Màámi ń mu àgbo láràárọ̀, wọ́n sì ní oògùn orúnkún kan tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísìtì.

Ìyá Nọ́ọ̀sì

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. O ṣeun tí o kò pariwo mọ́ wọn.

UCH n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akinkugbe, tó papòdà ní 2020, ṣì ń tọ́jú ẹlẹ́jẹ̀ ríru, tó sì ń kọ́ àwọn dókítà ní iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò lè ka iye ìyá tí mo gbọ́ tó sọ pé "mò ń lò ó" tí kò lò ó. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún dókítà. Wọn ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ ò jọ wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ti ibẹ̀ yọ. Dókítà rí 172, ó gbọ́ pé ìyá ń lo oògùn, kí ló tún kù fún un ju kó fi òmíràn kún un? Bí ìwọ náà bá wá ra èkejì, tí o jókòó ti Màmá kí wọ́n lo méjèèjì pọ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn lè já wálẹ̀ lójijì, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á ṣubú. Ẹni ọdún 68 tó bá ṣubú, egungun ìbàdí ni mo máa ń bẹ̀rù.

Nítorí náà, má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Padà lọ lọ́sẹ̀ yìí. Gbé agolo yẹn lọ bó ṣe wà. Má tún un tò, má yọ ọ̀kan kúrò. Gbé e ka orí tábìlì dókítà kí ẹ tó jókòó dáadáa, kí o sì sọ pé, "Dókítà, èyí ni èyí tí Màámi ò lò. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, ẹ̀rù ń bà wọ́n, owó náà sì ń ká wọn lára." Ọ̀rọ̀ náà parí. Kí o tó lọ, tọrọ àyè lọ́wọ́ Màmá. Sọ fún wọn pé o fẹ́ sọ ọ́, kó má bàa bá wọn lójijì níwájú àjèjì.

Lórí 172 yẹn, ìwọ aránṣọ, o mọ ìwọ̀n. Tí o bá fi téèpù wọn èèyàn lórí agbádá, ṣé aṣọ náà á bá a mu? Bákan náà ni bí-pí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yẹn. Kí Màmá kọ́kọ́ lọ tọ̀, nítorí ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé e sókè. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn á fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì á kan ilẹ̀, wọn ò ní gbé ọ̀kan lé èkejì. Apá á wà lórí tábìlì, kó ṣe déédéé àyà. Orí awọ ara ni wọ́n ń so ó mọ́, kì í ṣe orí apá bùbá. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá wọn sọ̀rọ̀ lásìkò náà, kí àwọn náà má sọ̀rọ̀. Bí apá bá tóbi, tí ohun tí wọ́n so mọ́ ọn kéré, iye tó máa gbé jáde á ju bó ṣe yẹ lọ. Béèrè pé kí wọ́n tún un wọn. Ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n má fi èyí tu ara rẹ nínú jù, 140 lórí 90 ni ààlà nílé ìwòsàn, 172 sì ti kọjá rẹ̀ jìnnà.

Apòògùn Ṣàgámù

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Oògùn ni mò ń tà lójoojúmọ́, torí náà ibi oògùn ni n ó dúró sí.

Amlodipine máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kó fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì rí ọ̀nà kọjá láìfipá. Ṣùgbọ́n níbi tó ti fẹ̀ yẹn, omi lè máa yọ́ jáde nínú àwọn iṣan tín-ín-rín sínú ẹran ara, ilẹ̀ lomi sì ń ṣàn sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọrùn ẹsẹ̀ ló ń wú, tó sì ń le sí i lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, pàápàá lára ẹni tó jókòó sọ́jà látàárọ̀. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. 10 mg sì máa ń fà á ju 5 mg lọ. Wíwú yẹn nìkan ò fi hàn pé kíndìnrín ti bàjẹ́. Síbẹ̀ kíndìnrín àti ọkàn náà lè mú ẹsẹ̀ wú, torí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ tèmi ṣe àyẹ̀wò. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn wò nítorí kíndìnrín. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Màmá ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò tọ́jú gan-an ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n ń sá lọ bá.

Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan téèyàn á fi máa lò ó lójoojúmọ́ kí agbára rẹ̀ tó dúró gbọin nínú ara. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru kì í ní ẹ̀fọ́rí rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbàgbé, wọn ò gbọ́dọ̀ lo méjì lọ́jọ́ kejì láti fi dí i.

Oògùn orúnkún yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí. Bí ẹ bá rí diclofenac, ibuprofen tàbí piroxicam níbẹ̀, ẹ mú un dání lọ pẹ̀lú agolo. Gbogbo wọn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì ń ni kíndìnrín lára. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ń fi oògùn kún oògùn fún, tó jẹ́ pé egbòogi ìrora tó rà fúnra rẹ̀ ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó: ẹ má tijú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn pé ṣé irú oògùn kan náà wà láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn tí owó rẹ̀ fúyẹ́. Ó máa ń wà.

Ọmọ Elewé Ọmọ

Ẹ má bínú o, n kò kàwé ìṣègùn. Ìyá mi ń ta ewé àti egbò, ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí. Ìdí tí mo fi dá sí i ni pé gbogbo yín ń sọ pé kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àgbo.

Àǹtí, ẹ lọ bá a. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dárúkọ ewé fún yín. Bó bá ní asofẹ́yẹjẹ wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá mi kì í fún ẹni tó bá sọ pé òun ń lo oògùn bí-pí ní asofẹ́yẹjẹ, nítorí ó máa ń mú ara rọ jù, ó sì ń kunni lóorun. Bó bá sì jẹ́ ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ẹ sọ ìyẹn náà.

Apòògùn Ṣàgámù

Ẹ ṣeun gan-an, ọmọ Elewé Ọmọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìyá yín ń ṣe. Èròjà reserpine wà nínú egbò asofẹ́yẹjẹ, oògùn òyìnbó sì ni reserpine fún ẹ̀jẹ̀ ríru láti bí ọdún 1950 sí òkè. Ẹni tó bá ń mu ún pọ̀ mọ́ amlodipine ń lo oògùn méjì láìmọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye tó wà nínú ife àgbo kan. Ó tún lè mú ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ kọ orúkọ ewé náà fún dókítà bí ẹ ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, ní Yorùbá.

Baba Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kékeré. Bàbá mi náà ń lo tiwọn lọ́jọ́ ẹ̀fọ́rí nìkan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò já gaara. Ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A rò pé ọ̀tá ni, a gbàdúrà títí di ìrọ̀lẹ́ kí a tó gbé wọn. Wọ́n yè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ò padà ṣiṣẹ́ mọ́.

Dókítà tó tọ́jú wọn ló jókòó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ọpọlọ, oògùn kan wà tó ń tú u, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lè fún èèyàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán orí rẹ̀ ná. Àǹtí, ẹ kọ́ àwọn tó wà nítòsí Màmá lọ́jà ní nǹkan mẹ́ta yìí: ojú tó wọ́, apá tó kọ̀ tí kò gbéra, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, kí wọ́n wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì wo aago.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti lọ o. Mo ní kí n wá jíyìn.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Màámi bí Ìyá Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Wọ́n kọ́kọ́ yarí. Wọ́n ní kí n má lọ tú wọn láṣọ lójú ọmọdé. Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ máa gbé agolo yẹn lé e lọ́wọ́ fúnra yín." Ìyẹn ni wọ́n gbà. Mo gé bébà tí mo fi ń gé pátáànù, mo kọ ohun mẹ́rin sí i lẹ́tà gàdàgbà: ẹsẹ̀ tó ń wú, oògùn orúnkún, àgbo, owó. Diclofenac ni oògùn orúnkún náà. Alágbo ní asofẹ́yẹjẹ ò sí nínú tòun, ó dárúkọ ewé márùn-ún, mo kọ gbogbo rẹ̀.

Dókítà mìíràn la bá, obìnrin. Màámi gbé agolo kalẹ̀. Mo rò pé yóò bá wa wí. Ó da àwọn oògùn náà sórí fáìlì, ó ń fi bírò fà wọ́n ní méjìméjì, ó ń kà. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mama, ẹ ṣeun tí ẹ gbé e wá. Kí ni ó ń ṣe fún yín tí ẹ bá lò ó?" Ibẹ̀ ni Màámi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ti ẹsẹ̀, wọ́n sọ ti ọ̀rẹ́ wọn tó kú, wọ́n sọ nǹkan tí èmi ọmọ wọn ò gbọ́ rí, pé àwọn kì í sùn lóru nítorí ẹ̀rù kíndìnrín. Dókítà yẹn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ Màámi wò fúnra rẹ̀.

Dókítà ní kí Màámi lọ tọ̀, kí wọ́n wá jókòó jẹ́ẹ́, ó tún un wọn lẹ́ẹ̀mejì. 158 lórí 92 ni èkejì. Ó ní ó ṣì ga. Ó dín amlodipine sí 5 mg, ó pa oògùn tuntun ti ọjọ́sí rẹ́, ó kọ losartan dípò rẹ̀, ó ní méjèèjì jọ ń ràn ara wọn lọ́wọ́, ẹsẹ̀ náà á sì fúyẹ́. Ó gba diclofenac, ó ní paracetamol ni kí wọ́n máa lò bí orúnkún bá ń dùn wọ́n. Ó ní kí wọ́n dá àgbo dúró ná títí ẹ̀jẹ̀ á fi wálẹ̀. Ó sọ ti iyọ̀ náà, pé ṣíbí tíì kan pere ló yẹ kó wọ inú èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́, mágí sì wà nínú ìṣirò yẹn. Màámi ò fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn rárá, n kò purọ́.

Kí a tó dìde, ó ní, "Mama, ẹ bá mi sọ bí ẹ ṣe máa lò ó nílé." Màámi ní, "Bí mo bá ti kírun àsùbá tán, kí n tó bu èlùbọ́ sínú igbá, n ó lo ọ̀kan nínú èyí, ọ̀kan nínú ìyẹn. Bí orí fọ́ mi, bí kò fọ́ mi." Dókítà ní ó tọ́. Èmi náà gbọ́ ọ yékéyéké, mo sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ tí wọ́n ṣe fún Màámi jáde lọ́jọ́ kẹta: kíndìnrín wọn ò ní nǹkan kan. Mo pè wọ́n lórí fóònù láti sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ò fọhùn fún ìgbà díẹ̀, ni mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jà, ohùn wọn ga.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí. Lánàá, nọ́ọ̀sì ìlera kan ní Ọ̀yọ́ wọn wọ́n, 138 lórí 84. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ti ń wọ bàtà. Èmi ni mo ń ka oògùn tó kù bí mo bá lọ sílé, àwọn fúnra wọn ló ń gbé e wá pé kí n kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ó ku ọ̀kan. Àwẹ̀ Ràmàdáánì ń bọ̀, Màámi sì ń béèrè bóyá ìgbà sààrì ni wọ́n á máa lo oògùn méjèèjì àbí lẹ́yìn ìṣínu. Mo ti kọ ọ́ sórí bébà pátáànù tí a ó mú lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti bá dókítà tirẹ̀ sọ irú rẹ̀ rí, mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ bi í.